Ẹ yé parọ́ mọ́ “quarrel”, ẹ jọ̀ọ́!

Ó ti sú mi! Ẹnikẹ́ni tó bá ti fẹ́ fi han aráyé pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé gbòǹgbò, ìtàn kan náà ló máa gbé sílẹ̀: pé “quarrel”, tí Òyìnbó ń pe asọ̀, orúkọ ọfà ni tẹ́lẹ̀, torí ọ̀rọ̀ burúkú a máa gúnni lọ́kàn. Àwọn èèyàn á sì máa mi orí, “ọgbọ́n ńlá rèé o!” Ọgbọ́n wo? Irọ́ gbuu ni!

Òótọ́ ni pé ọfà kan ń jẹ́ quarrel. Ọfà kúkúrú ni, olójú onígun mẹ́rin, igun mẹ́rin yẹn ló sì fún un lórúkọ: quadrus ni Látìn ń pe ohun onígun mẹ́rin. Àwọn dígí kéékèèké tí wọ́n ń tò sójú fèrèsé láyé àtijọ́ náà ń jẹ́ quarrel, orísun kan náà ni. Ta ni dígí wá ń bá jà?

Ti asọ̀ ní bàbá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Queri ni Látìn ń pe kéèyàn máa ráhùn, querela sì ni ìráhùn. Faransé àtijọ́ sọ ọ́ di querele, Gẹ̀ẹ́sì wá gbà á lọ́wọ́ wọn láàárín ọdún 1300 sí 1400. Nígbà yẹn, ẹni tó ní quarrel lè má tíì bá ẹnikẹ́ni ṣe gbólóhùn asọ̀ rárá. Ẹ̀hónú ló ní, ẹ̀sùn ló fẹ́ fi kanni. Ìtumọ̀ yẹn ò tíì kú. Títí dòní, bí Òyìnbó bá ní òun ò ní quarrel pẹ̀lú ẹnìkan, ohun tó ń sọ ni pé òun ò rí nǹkan kan bá a wí sí. Querulous, tí wọ́n ń pe ẹni tí kì í yé ráhùn, ọmọ ìyá rẹ̀ ni.

Ṣé ìtàn yìí ò dùn tó ni, tí ẹ fi ń wá ọfà kún un?

Wọ́n á ní ṣebí bákan náà ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Háà! Ẹ yọ àmì orí ọ̀run, ọrùn àti ọrun tí à ń fi ta ọfà, kí ẹ wá sọ fún mi èwo ló bí èwo. Atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ya quarrel méjèèjì sọ́tọ̀, ibẹ̀ kò fara sin. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n ṣí i wò, wọ́n á ní mo fẹ́ràn ìjà jù.