Ibi Tó Ga Lójú Fóònù Ìyá Mi

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó pè mí ní arúgbó: èmi kò sí lára àwọn tó ń sọ pé ayé àtijọ́ ló dùn. Ẹni tó bá ti gbàgbé, nígbà tí GSM dé sí Nàìjíríà ní 2001, náírà 50 ni wọ́n ń gbà fún ìṣẹ́jú kan. Bí ọ̀rọ̀ rẹ bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo lé ní ìṣẹ́jú kan, owó ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n máa gé. Fláṣì ni gbogbo wa ń fún ara wa, títí Glo fi dé ní 2003 tó ní òun ń ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá. Bàbá onílé wa nígbà náà, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ ó rò pé ilé ń jó ni, ojú wọn kì í sì í kúrò lára aago ọwọ́ wọn. Kí n máa ṣàárò ìyẹn kẹ̀? Lái lái.

Ọ̀rọ̀ fóònù tọ́ọ̀ṣì ìyá mi ni mo fẹ́ sọ.

Amọ̀kòkò ni ìyá mi, ní Òkèlélé níbí, ní Ìlọrin. Ẹni tó bá ti dé ebu Dada, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, yóò mọ irú iṣẹ́ tí mò ń wí: ká po amọ̀, ká gún un, ká kó ìkòkò sínú iná. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní 1967 ni ọwọ́ ìyá mi ti wà nínú amọ̀. Bí wọ́n bá gbé ọwọ́ yẹn lé ọ lórí, tí wọ́n ní kí Ọlọ́run bù sí i fún ọ, wàá mọ̀ pé wọ́n ṣàdúrà fún ọ.

Ní Iléyá èṣí, àwa ọmọ dáwó jọ, a ra Android fún ìyá. Ojú rẹ̀ fẹ̀ bí àwo. A ti fi WhatsApp sí i, a ti kó fọ́tò gbogbo wa sí i. Ìyá gbà á, wọ́n súre fún wa, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kò dáhùn. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ amọ̀. Wọ́n fi itọ́ kan ìka bí ẹni tó fẹ́ ka owó, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, nǹkan mìíràn tí ẹnì kankan ò pè ló ṣí.

"Ìyá, ẹ rọra fọwọ́ kàn án ni," àbúrò mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Mo fọwọ́ kàn án. Òun ni kò fọwọ́ kàn mí."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ. Gíláàsì yẹn kò mọ̀ bóyá o tẹ̀ ẹ́ líle tàbí o rọra tẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀nba iná mànàmáná tó ń gba ara èèyàn kọjá ló fi ń mọ̀ pé ìka dé. Ìka tó bá ti gbẹ, tí awọ rẹ̀ ti yi, iná yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ là á kọjá. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ tí ìyá mi fi rán gbogbo wa ní ilé-ìwé ni kò jẹ́ kí fóònù tí a fi owó oṣù wa rà mọ̀ wọ́n ní èèyàn.

Mo ti wá gbà pé ara wa la ra fóònù yẹn fún. Ká lè máa fi vọ́ìsì nóòtì ránṣẹ́ dípò ká pe èèyàn. Ká lè máa sọ fún ọ̀rẹ́ pé ìyá tiwa náà ti wà lórí WhatsApp. Nínú àwa márààrún, kò sí ẹni tó bi wọ́n pé kí ni èyí tó wà lọ́wọ́ wọn kò ṣe fún wọn.

Kí n má ṣàbòsí o, wọ́n gbádùn ohun kan nínú rẹ̀: fídíò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì yọjú, ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ fo sókè. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n ní kí ọmọ náà sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn lè rí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa.

Nokia 1100 ni fóònù tọ́ọ̀ṣì náà. 2003 ni wọ́n gbé irú rẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n sì tà káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 250. Rọ́bà kan ṣoṣo ni wọ́n fi bo gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ kí eruku má bàa ráyè wọlé. Ṣé ẹ mọ eruku ebu? Tèmi tí mo gbé débẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré, ihò tí à ń ki ṣájà bọ̀ ti dí. Tọ́ọ̀ṣì orí rẹ̀ ńkọ́? Bí ìkòkò bá ti inú iná jáde tó sì ti tutù, ìyá á ki fóònù bọ inú rẹ̀, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa wá ibi tó sán. Mi ò rò pé ẹni tó ṣe fóònù náà ronú kan ìyẹn.

Ìyá mi kò mọ̀wé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi àgbà ti to nọ́ńbà wa sórí bọ́tìnnì, tó fi jẹ́ pé bí ìyá bá tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀, yóò máa pè. Voicemail ló ni 1, nítorí náà àkọ́bí bọ́ sórí 2, a tò ó lọ bẹ́ẹ̀ dé orí àbígbẹ̀yìn tó wà lórí 6. Èmi ẹ̀kẹrin, orí 5 ni mo wà. Ẹ bá mi fọwọ́ kan 5 lára fóònù oníbọ́tìnnì tó jẹ́ ojúlówó: nǹkan kan ga díẹ̀ níbẹ̀, bí ìdajì ẹyọ ìrẹsì. Òun ni ìka fi ń mọ àárín láìwojú.

Bí iná bá lọ lálẹ́, tí ìyá fẹ́ gbóhùn ọmọ, àtàǹpàkò wọn á máa wá ọ̀nà kiri, ibi tó ga yẹn ni yóò gúnlẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi fi ń sọ pé èmi ni ìyá fẹ́ràn jù. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ ń fi fọ́nnu.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, kesin fóònù náà fọ́. Mo gbé e lọ sí Challenge, níbi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, ọmọkùnrin kan pààrọ̀ kesin àti bọ́tìnnì rẹ̀, ó ń dán yinrin. Ìyá dúpẹ́. Àfi bí mi ò ṣe rí ìpè mọ́. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ karùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wá pè mí: "Kí lo ṣe fún ìyá? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè mí lánàá, 'Àlàó' ni wọ́n ń pè mí lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta."

Mo gba ilé lọ, mo fọwọ́ ra ojú fóònù náà. Pẹrẹsẹ. Kò sí nǹkan kan lórí 5. Ó dùn mí díẹ̀, kí n má parọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe ń wá nìyí báyìí," ni ọmọkùnrin Challenge wí nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ṣẹ́ ṣóńṣó ìgbálẹ̀ kan, ó tì í bọ súpà gúlù, ó kán ẹ̀kán kan sórí 5, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Kò gbowó.

Mo dá fóònù padà fún ìyá láìsọ nǹkan kan. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra á lẹ́ẹ̀mejì. "Ó ti padà," ni wọ́n wí, wọ́n sì so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró wọn. Android náà wà nínú dúrọ́ọ̀, ọjọ́ Jímọ̀ la ń mú un jáde fún fídíò Jámánì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Ìṣáì tán ni fóònù mi dún.

"Àlàó, iná ti lọ."