Ṣé Ó Dìgbà Tóyún Bá Dé Ká Tó Yẹ Ṣúgà Wò?

Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ pé àwọn aláṣẹ ètò ìlera ti yọ àyẹ̀wò ṣúgà kúrò lára ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún obìnrin tó ṣì ń múra àtilóyún. Wọ́n ní kó lóyún ná, tó bá di ọ̀sẹ̀ 24 sí 28, wọ́n á yẹ ẹ́ wò. A ti ń pariwo ẹ̀ tipẹ́, a ò sì ní dákẹ́: ẹyin tó wà nínú obìnrin ò lè dúró de ọ̀sẹ̀ 24.

Ẹyin obìnrin ò mọ glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, lò dáadáa fúnra ẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ tó yí i ká, cumulus lorúkọ wọn, ló ń gba ṣúgà, wọ́n á sọ ọ́ di pyruvate, ìyẹn oúnjẹ tí ẹyin lè lò, kí wọ́n tó gbé e fún un, bí ìyá tó jẹ oúnjẹ kúnná kó tó fi sọ́mọ lẹ́nu. Ní 1967, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, John Biggers àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bó sẹ́ẹ̀lì yẹn kúrò lára ẹyin eku, wọ́n fún un ní glúkóòsì, kò gbó, wọ́n fún un ní pyruvate, ó gbó. Nínú eku tó ní àtọ̀gbẹ, ṣe làwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bọ́ ẹyin yìí ń kú, ẹyin á pẹ́ kó tó gbó, àwọn okùn tó yẹ kó pín krómósómù, ìyẹn ohun tó ń gbé àbùdá ìyá lọ sára ọmọ, á sì dojú rú. Òótọ́ ni, eku kì í ṣe èèyàn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Ẹyin máa ń lò tó oṣù mẹ́ta láti dàgbà kó tó jáde, àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní HbA1c náà sì rèé, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ báyìí ni wọ́n máa fà, á sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn dókítà àtọ̀gbẹ Amẹ́ríkà ní kó wà lábẹ́ 6.5% kí obìnrin tó ní àtọ̀gbẹ tó lóyún, torí pé ṣúgà tó pọ̀ jù lè ṣàkóbá fún ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì máa ń pa dé ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tóyún dúró, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá ò tíì mọ̀ pé oyún ti dúró rárá. Ọjọ́ 28 o, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ 28! Ta ló jókòó síbi ìpàdé tí wọ́n ti ní kí wọ́n yọ àyẹ̀wò yìí kúrò gan-an?

Wọ́n ní torí owó làwọn ṣe yọ ọ́ kúrò. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ fáwọn tó ní PCOS, ìyẹn àìsàn tí kì í jẹ́ kí ẹyin obìnrin máa jáde déédéé, tí ínsúlínì tó ń darí ṣúgà nínú ara kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lára ọ̀pọ̀ wọn? Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní wọ́n tó 8 sí 13 nínú 100 obìnrin tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ, ó sì lè tó 70 nínú 100 wọn tí ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ní in.

Kí wọ́n dá àyẹ̀wò yẹn padà, kí HbA1c wà níbẹ̀, pàápàá fẹ́ni tó ní PCOS àbí tí àtọ̀gbẹ wà nídìílé ẹ̀. A ti kọ̀wé sí wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n ní àwọn ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Iṣẹ́ wo?