Àwọn Alárinà Èdè Japan

Kò sí èdè tí wọ́n tíì bá wá ẹbí kiri ayé bí èdè Japan. Ó ti tó àádọ́jọ ọdún báyìí tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìwé atúmọ̀ èdè méjì àti ìrọ̀lẹ́ kan tí kò ní iṣẹ́ nínú ti lè di alárinà, kí ó fa èdè Japan lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ó fa èdè mìíràn lọ́wọ́ òsì, kí ó sì kéde pé ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì, ogun ni ó tú wọn ká.

Láàárín ọdún 1870 sí 1880, ará Scotland kan tí ń jẹ́ Nicholas McLeod wo àwọn ènìyàn Japan sókè sódò, ó sì rí i kedere pé ẹ̀yà Ísírẹ́lì tó sọnù wà nínú wọn. Títí di òní ni àwọn kan ṣì ń to ọ̀rọ̀ Hébérù sí ẹ̀gbẹ́ ti Japan bí ẹni ń pa ayò. Lẹ́yìn èyí ni àwọn mìíràn dé pẹ̀lú ẹbí ńlá tí wọ́n ń pè ní Altaic, èyí tí ó kó èdè Túúkì, Mongolia àti Korea sínú agbo ilé kan, wọ́n sì ní kí Japan wá gba yàrá tirẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1980, Ōno Susumu, tí í ṣe àgbà ọ̀jẹ̀ nínú èdè Japan àtijọ́, yọ sí gbangba pé Tamil ti gúúsù India ni ìbátan náà. Ní 2021, àwọn onímọ̀ kan tọ ipa ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí ń gbin jéró ní àfonífojì odò Liao ní China ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn; kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn onímọ̀ mìíràn fi dáhùn pé ẹ̀rí náà ń jò bí ajere.

Èmi náà kò fẹ́ kẹ́yìn. Ní èdè Japan, “oba” ni àǹtí ẹni. Ó dájú nígbà náà pé ọba kan ni ó wọ ọkọ̀ ní etíkun Ìlàjẹ, tí ìjì dà á láàmú títí ó fi gúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí obìnrin. “Ika” ni ẹran omi kan tí ó ní apá mẹ́wàá: ẹ ka ìka ọwọ́ yín kí ẹ tó bá mi jiyàn. “Oni” ni iwin abìwo, ṣùgbọ́n n kò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, nítorí mo ṣì fẹ́ kí wọ́n máa jẹ́ kí n wọ Ilé-Ifẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ohùn àwọn ọ̀rọ̀ náà kò bára mu, èsì mi ni pé omi òkun ni ó gbé àmì ohùn lọ. Ẹ má sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwa tí a ti ti Mẹ́kà wá, tí a tún ti Íjíbítì wá, kí ni Nagasaki fi jìnnà jù fún wa?

Ìbátan òtítọ́ kì í pariwo báyìí. A mọ̀ pé ulé ará Èkìtì ni ilé ará Ọ̀yọ́, nítorí pé ugbá náà ni igbá, ulú náà sì ni ìlú. Ìyípadà kan náà ni ó ń tẹ̀lé ara rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí láàárín Tokyo àti Okinawa, erékùṣù ní gúúsù Japan. Ọkàn tí wọ́n ń pè ní “kokoro” ní Tokyo, “kukuru” ni ní Okinawa. Òjò tí í ṣe “ame” di “ami”. Ọkọ̀ ojú omi tí í ṣe “fune” di “funi”. Ní erékùṣù Miyako, òdòdó kì í ṣe “hana” bí ti Tokyo, “pana” ni, “p” yìí gan-an sì ni ohùn àtijọ́ tí Tokyo ti sọ nù: àbúrò tí kò rìnrìn àjò ni ó ń tọ́jú ẹrù bàbá.

Kí ni wọ́n wá fi àwọn ọmọ ìyá yìí ṣe? Japan gba ìjọba Okinawa ní 1879, ó pe àwọn èdè ibẹ̀ ní “hōgen”, èyíinì ni ẹ̀ka èdè lásán, nígbà tí ó sì yá, wọ́n ń gbé pátákó kọ́ ọmọ ilé ìwé tó bá sọ ọ́ lọ́rùn, kò sì ní bọ́ ọ títí yóò fi mú ẹlòmíràn tí ẹnu rẹ̀ ṣì í sọ. Ẹni tí ó ti sanwó ìtanràn rí nítorí Yorùbá nínú kíláàsì kò nílò àlàyé. Ní 2009, UNESCO ka èdè mẹ́jọ ní Japan mọ́ àwọn tí ó lè kú. Ainu, èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ ní àríwá Japan, ni ọ̀kan, kì í ṣe ẹbí. Àwọn méje yòókù ni ọmọ ìyá tí à ń wí.

Ọ̀kan nínú wọn ni Hachijō, erékùṣù tí ó wà lábẹ́ ìṣàkóso Tokyo fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tí ó bá ṣí ní Tokyo lálẹ́ a gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n àwọn alárinà wa kò sí nínú rẹ̀. Kí ni ènìyàn fẹ́ fi Hachijō yangàn sí lóde àríyá? Kò ní pírámídì, kò ní tẹ́ńpìlì Sólómọ́nì. Àwọn ìyá àgbà ni ó kù níbẹ̀ tí wọ́n gbọ́ èdè náà.