Bí x-ray eyín kò bá léwu, kí ló dé tí dókítà fi ń sá jáde?

Ìbéèrè yìí ló máa ń borí gbogbo àlàyé. Bí ẹ bá sọ fún ènìyàn pé x-ray eyín kò ní ṣe é ní nǹkan, á ní, "Ó dáa. Kí ló dé tí wọ́n fi da ẹ̀wù òjé bò mí láyà, tí dókítà fúnra rẹ̀ wá sá lọ sẹ́yìn ògiri kó tó tẹ bọ́tìnnì?" Ibẹ̀ ni ìtàn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn: ó ń fa jẹjẹrẹ, ó máa ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, aláboyún kò gbọdọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo mọ ẹnì kan tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní ya x-ray, bẹ́ẹ̀ omi bátìrì ló ti fi òwú tẹ̀ sínú ihò eyín náà nílé kó tó wá. Omi bátìrì! Ásíìdì tó ń jẹ irin ni kò bà á lẹ́rù.

Ìbéèrè yẹn mọ́gbọ́n dání ṣá. Bí mo bá rí oníṣẹ́ tó ń sá fún iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, èmi náà á bèèrè. Ìdáhùn tí àwọn ènìyàn ń fún ara wọn ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù náà sì ní orísun, kò ṣàdédé ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1895 ni Wilhelm Conrad Röntgen ṣàkíyèsí ìtànṣán tí à ń pè ní x-ray yìí ní Yunifásítì Würzburg, ní Jámánì. Ìparí oṣù Kejìlá ló kọ ọ́ jáde fún aráyé. Kí oṣù Kìíní ọdún 1896 tó tán, Otto Walkhoff, dókítà eyín kan ní ìlú Braunschweig, ti ki gíláàsì fọ́tò kékeré bọ ẹnu ara rẹ̀, ó gé e mọ́ eyín, ó sì dúró síwájú ẹ̀rọ náà fún ìṣẹ́jú 25. Ìṣẹ́jú 25 fún fọ́tò ẹ̀gbẹ́ eyín kan! Ìyà gidi ni, òun náà kò sì fi bò pé ìyà ni.

Ti Edmund Kells ló máa ń ká mi lára jù. New Orleans ní Amẹ́ríkà ló ti ń tọ́jú eyín, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ya x-ray eyín lọ́hùn-ún, ní 1896 kan náà. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn kò ṣeé fọkàn tẹ̀. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sínú gíláàsì rẹ̀, bí afẹ́fẹ́ yẹn bá sì ti ń yí padà ni agbára x-ray náà ń yí padà; bó ṣe ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kọ́ ni yóò ṣe ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Nítorí náà, kí Kells tó ya fọ́tò aláìsàn, ó ní láti dán ẹ̀rọ wò, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ń dán an wò. Á na ọwọ́ síwájú ẹ̀rọ, á máa wo egungun ìka rẹ̀ nínú awò tí ń tàn yẹ́ríyẹ́rí, á máa tún ẹ̀rọ yí títí egungun náà á fi hàn kedere. Bó ṣe ṣe fún aláìsàn àárọ̀ ló ṣe fún ti ọ̀sán, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Jẹjẹrẹ wọ ọwọ́ náà. Wọ́n gé ìka, wọ́n gé ọwọ́, wọ́n gé apá. Ní 1928, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa, ta ni x-ray ṣe báyìí? Lóòótọ́, ara àwọn aláìsàn kan bó nígbà náà, irun àwọn mìíràn sì re. Àmọ́ àwọn tó ń dúró ti ẹ̀rọ lójoojúmọ́ ni wọ́n fi ẹ̀mí dí i jù. Kì í sì í ṣe pé kò sẹ́ni tó kìlọ̀. William Rollins, tí òun náà jẹ́ dókítà eyín ní Boston, kó àwọn guinea pig, ẹranko kékeré tó jọ eku, síwájú x-ray ní 1901, wọ́n sì kú láìjóná rárá. Ó ní kí wọ́n fi òjé bo gíláàsì ẹ̀rọ, kí ìtànṣán máa gba ojú kan ṣoṣo jáde, síbi tí wọ́n fẹ́ yà nìkan. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò dá a lóhùn. Ohun tó ń sọ nígbà náà gan-an ni gbogbo ẹ̀rọ òde òní ń ṣe.

Ọdún 1913 ni nǹkan yí padà. William Coolidge, ní ilé-iṣẹ́ General Electric, ṣe irú gíláàsì mìíràn tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán pátápátá. Wáyà tín-ín-rín kan wà ní ìkángun kan, irin tungsten wà ní ìkejì. Bí iná bá ti mú wáyà gbóná, àwọn electron, ìyẹn ohun bíńtín tí iná ń bá rìn, á máa tú jáde lára rẹ̀, agbára iná á sì gbá wọn lọ fi orí sọ tungsten. Ibi tí wọ́n ti forí sọ ọ́ ni x-ray ti ń jáde. Lórí ẹ̀rọ eyín òde òní, agbára yẹn sábà máa ń jẹ́ fólítì 60,000 sí 70,000. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ń di x-ray, ooru lásán ni ìyókù. Pẹ̀lú ti Coolidge, ẹ lè pinnu iye tí ẹ fẹ́, iye yẹn náà ni yóò sì jáde láàárọ̀ àti lálẹ́. Kò sí ẹni tó nílò láti fi ọwọ́ dán ẹ̀rọ wò mọ́.

Bí wọ́n bá gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, x-ray parí nìyẹn. Kò sí èyí tó ṣẹ́kù sínú yàrá, kò sí èyí tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni lọ jókòó. Ẹ̀yà kan náà ni òun àti ìmọ́lẹ̀, agbára ló fi jù ú lọ. Ẹni tó bá tà yín ní àgbo tí ń fọ x-ray kúrò lára, owó yín ló fọ̀.

Báwo ló ṣe wá ń di fọ́tò? Ohun tó bá le, tó sì kún fún èròjà kálísíọ́ọ̀mù, máa ń dí x-ray lọ́nà. Ẹran ara rírọ̀ kì í dí i tó bẹ́ẹ̀. Awọ funfun tó bo eyín lókè ló le jù nínú gbogbo ara ènìyàn, ó ju ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ tó jẹ́ èròjà bí òkúta, nítorí náà á funfun báláú nínú fọ́tò. Ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ á dúdú. Irin tí wọ́n fi dí eyín á funfun ju eyín fúnra rẹ̀ lọ. Ibi tí eyín ti jẹrà á yọ bí àbàwọ́n dúdú láàárín funfun. Bí ọyún bá ti dé ìdí gbòǹgbò, ẹ ó rí òjìji róbótó kan níbi tí egungun ti ń jẹrà. Tọ́ọ̀ṣì ò lè fi ìyẹn han dókítà. Àìmáàrí i ló ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ eyín tí kò ṣẹ̀ fún ènìyàn, tí èyí tó ń dunni gan-an á sì kù síbẹ̀.

Iye tó ń wọni lára ńkọ́? Microsievert ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Fọ́tò eyín kékeré kan, èyí tí wọ́n ń fi nǹkan pẹlẹbẹ sẹ́nu yà, wà láàárín 1 sí 8, bí ẹ̀rọ àti ọ̀nà tí wọ́n fi yà á bá ṣe rí. Ẹ wá gbọ́: ilẹ̀ tí à ń tẹ̀, òkúta tí a fi kọ́lé, afẹ́fẹ́ tí à ń mí àti ojú ọ̀run lókè ń ta ìtànṣán sí wa lára láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa. Bí ẹ bá kó o jọ, ó tó 2,400 microsievert lọ́dún fún ènìyàn kan káàkiri ayé, ìyẹn bíi 6 tàbí 7 lóòjọ́. Ìtànṣán ọjọ́ kan tí ẹ jókòó sílé ni fọ́tò yẹn. Ẹni tó bá sì wọ bàálù láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù gba iye tó jù ú lọ dáadáa lójú òfuurufú, n kò sì tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni da físà nù nítorí rẹ̀.

Ìṣẹ́jú 25 Walkhoff ti di ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Fíìmù tó túbọ̀ ń yára gbà á ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Francis Mouyen ní Faransé gbé èyí tó ń gba inú kọ̀ǹpútà yọ jáde ní 1987, tí fọ́tò fi ń yọ lójú ẹsẹ̀ láìwọ yàrá dúdú, láìfi omi kẹ́míkà fọ̀.

Dókítà tó sá jáde wá ńkọ́? Ẹni tó wá ra àkàrà, èéfín díẹ̀ ló fà símú kó tó gba tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ń dín in láti ìdájí ni èéfín ń yọ lẹ́nu. Fọ́tò kan tàbí méjì ni tiyín, bóyá fún ọdún kan tàbí méjì. Ká ní ogún ni dókítà ń yà lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀; kí ọdún tó yípo, ó ti lé ní 5,000. Ẹ̀yin rí èrè gbà nínú fọ́tò tiyín, torí eyín yín ni. Òun kò rí èrè kankan nínú kí tiyín ta sí i lára, ó sì ní ìgbésẹ̀ díẹ̀ tó lè gbé tí kò ní gba nǹkan kan. X-ray máa ń rẹ̀ sí i bó ṣe ń jìnnà: bí ẹ bá sún sẹ́yìn sí ìlọ́po méjì, yóò kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Bó bá ti jìnnà tó mítà méjì, tí kò sì dúró sójú ibi tí ẹ̀rọ kọjú sí, ó tó. Ọgbọ́n Kells ló kọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù òjé tiẹ̀ tún yani lẹ́nu. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín Amẹ́ríkà, ADA, kéde pé kí wọ́n yéé da ẹ̀wù náà bo aláìsàn, àti èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn, títí kan ọmọdé àti aláboyún. Àlàyé wọn ni pé ẹ̀rọ òde òní ti ká ìtànṣán mọ́ ojú kan, ẹ̀wù náà kò fi bẹ́ẹ̀ dí ohunkóhun. Nígbà mìíràn pàápàá, á wọ inú fọ́tò, á bà á jẹ́, wọ́n á sì ní láti tún un yà. Bí wọ́n bá ṣì dà á bò yín nílé ìwòsàn yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Àmọ́ ẹ má fi ṣe ẹ̀rí pé ikú ń bẹ nínú ẹ̀rọ.

Aláboyún? Ẹnu ni wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀, ọ̀nà sì jìn láti ẹnu dé ilé ọmọ; ohun tó ń débẹ̀ kò tó nǹkan tí à ń kà. ACOG, ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláboyún Amẹ́ríkà, náà sọ pé kò léwu. Kí ó sọ fún dókítà pé òun lóyún, kí ó má fi bò. Eyín tó ń ṣọyún láti oṣù kẹta títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀, tí wọ́n kò tọ́jú nítorí ìbẹ̀rù fọ́tò, ìyẹn ni èmi á máa bẹ̀rù.

N kò sọ pé omi mímu ni x-ray o. Ó lè ba sẹ́ẹ̀lì ara jẹ́ bó bá pọ̀, ara ọmọdé sì tètè ń gbà á ju ti àgbà lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n ya ọ̀kan láìnídìí. Èyí tí wọ́n ń pè ní CBCT, tí ń yí orí ká láti ya gbogbo egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, lè ga ju fọ́tò kékeré lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po, nítorí náà ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ wá níbẹ̀. Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ x-ray ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NNRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán. Ẹ lè ní kí wọ́n fi hàn yín. Bí ẹ bá sì ń pààrọ̀ dókítà, ẹ gba ẹ̀dà fọ́tò tẹ́lẹ̀ sórí fóònù yín. Dókítà tuntun á lè fi wé ti ìsinsìnyí bóyá egungun ń lọ sílẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó má ya òmíràn rárá.