Ìgbòkun Lè Ti Kú Kó Tó Ya

Ẹ bi ẹni tó ní ọkọ̀ ìgbòkun kékeré, tí ọkọ̀ náà ti pẹ́, pé ìgbà wo ló máa pààrọ̀ ìgbòkun ńlá rẹ̀. Ohun tó máa sọ ni pé: "Ṣé ó ti ya ni?" Èmi náà wà nínú wọn. Westerly Centaur ni ọkọ̀ mi, irú èyí tí wọ́n ń kàn ní England láti 1969 títí di 1980, ẹsẹ̀ bàtà 26 ni gígùn rẹ̀. Ìgbòkun tí mo bá lórí rẹ̀ ti rọ̀ bí aṣọ ìbora ìyá àgbà, ṣùgbọ́n kò ní ihò kankan, mo sì ń fi yangàn. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tèmi pé.

Mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wọ̀ mí lórí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, àwọn ọkọ̀ oníyanrìn máa ń kọjá lórí ọ̀sà. Àpò tí wọ́n tò pọ̀ rán ni ìgbòkun wọn, wọ́n sì ń lọ geerege. Ohun tí n kò kíyè sí ni pé ẹ̀yìn wọn ni afẹ́fẹ́ wà. Bí afẹ́fẹ́ bá ń tì ọ́ látẹ̀yìn, agbádá bàbá mi pàápàá á gbé ọ délé.

Ìgbà tí o bá fẹ́ lọ sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ lọ̀rọ̀ yí padà. Níbẹ̀, ìgbòkun kì í ṣe àpò mọ́, ìyẹ́ ẹyẹ ni. Atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kọjá, bí ó ṣe yọ ikùn ló sì ń fa ọkọ̀ síwájú. Ibi tí ikùn yẹn ti jinlẹ̀ jù gbọ́dọ̀ wà ṣáájú ìdajì díẹ̀, tí a bá ń kà á láti ara òpó.

Ẹ̀yin tó ń ra ańkárá mọ bí sítáàṣì ṣe máa ń jáde lára rẹ̀ tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni Dacron, aṣọ pọ́líẹ́sítà tí wọ́n fi ń rán ìgbòkun. Wọ́n fi oje kan mú òwú rẹ̀ le. Oòrùn ń jẹ ẹ́, gbogbo ìgbà tí ìgbòkun bá sì ń lù pápá-pápá nínú afẹ́fẹ́, oje náà ń fọ́. Kò sóhun tó ya, ṣùgbọ́n aṣọ náà ti ń nà ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ikùn á jìn, á sún sẹ́yìn, pàápàá nígbà tí atẹ́gùn bá le, tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọkọ̀ á wá máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pá ìtọ́kọ̀ á máa fa apá ẹni yọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ní àwọn tó ń sáré ìdíje nìkan ni ìgbòkun tuntun wà fún. Àwa tí apá ń dùn gan-an ló yẹ kó rà á.

Kí o tó dá ìgbòkun àtijọ́ rẹ lẹ́bi, kọ́kọ́ fa okùn tó gbé e gòkè le dáadáa. Ìyẹn nìkan máa ń fa ikùn padà síwájú. Lẹ́yìn náà, dùbúlẹ̀ sábẹ́ ìgbòkun, ya fọ́tò rẹ̀ sókè. Tí ikùn bá ṣì kọjá ìdajì, ó ti kú nìyẹn. Fi èékánná ha òwú ìránṣọ náà. Bó bá já, oòrùn ti jẹ ẹ́ tán.

Tí o bá fẹ́ ra òmíràn, Dacron tó jẹ́ híhun ti tó fún irú ọkọ̀ wa. Aṣọ olóríṣiríṣi ìpele tí wọ́n fi àtè lẹ̀ pọ̀ máa ń dúró dáadáa, àmọ́ ó lè bó, ó sì lè hu ẹbu. Ní kí wọ́n fi ibi méjì tí a ti lè ká a kù nígbà tí atẹ́gùn bá le sí i.

Má sì ṣe wọn ìgbòkun àtijọ́ fún ẹni tó máa rán tuntun. Èmi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Okùn etí rẹ̀ ti sún kì, aṣọ rẹ̀ ti nà, télọ̀ wo ló máa rí òótọ́ níbẹ̀? Òpó ọkọ̀ àti igi tó wà nísàlẹ̀ ìgbòkun ni kí o wọ̀n.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ìgbòkun tuntun náà gòkè ní Solent, ojú omi kan ní gúúsù England, ìyàwó mi gbé ife tíì kalẹ̀ lórí ìjókòó, kò sì dà. Àtijọ́ ṣì wà nínú gáráàjì wa. Kò tíì ya.