Atẹ́gùn ló ń sáré gbé bàálù bọ̀ láti Amẹ́ríkà, kì í ṣe yíyí ayé

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Òkè-Fíà, ní Òṣogbo níbí, Alájì kan tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti New York dé tún gbé e dé: "Ayé ń yí. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ayé á máa sá fún bàálù. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé yín wálé." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń mi orí. Mo ní, "Alájì, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀." Wọ́n ní kí n jókòó jẹ́ẹ́.

Òótọ́ ni pé lílọ máa ń pẹ́. Èkó sí New York fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8,500 kìlómítà. Bàálù tí kò bá dúró níbì kankan á lo bíi wákàtí 11 lọ, á lo bíi 10 bọ̀. (Ẹ má fi aago ògiri ṣírò rẹ̀ o. Aago tiwa fi wákàtí 5 tàbí 6 ṣáájú tiwọn.)

Atẹ́gùn ló fà á. Lókè níbi tí bàálù ń fò, bíi kìlómítà 9 sí 12, atẹ́gùn líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, pàápàá lápá Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Jet stream ni wọ́n ń pè é. Ó lè sáré ju 200 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Bàálù tó ń lọ á máa bá a wọ̀jà, èyí tó ń bọ̀, ẹ̀yìn ni yóò ti máa tì í. Èmi náà ti lọ, mo ti bọ̀, mo sì tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà lẹ́yìn àga iwájú mi. Nígbà tí à ń lọ, bí a ṣe ń sún mọ́ Amẹ́ríkà ni eré wa ń já wálẹ̀. Nígbà tí à ń bọ̀, ó kọjá 1,000 kìlómítà ní wákàtí kan lórí òkun.

Èyí tó yẹ kó parí àríyànjiyàn ni pé ìyàtọ̀ yìí máa ń pọ̀ sí i nígbà òtútù wọn, ó sì máa ń dín kù nígbà ooru, nítorí ìgbà òtútù ni atẹ́gùn yẹn máa ń le jù. Ṣé ayé máa ń sáré yí ní Oṣù Kejìlá ni? Ní February 2020, nígbà ìjì tí wọ́n pè ní Ciara, bàálù British Airways kan gbéra ní New York, ó dé London ní wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56. Ọ̀nà yẹn máa ń gbà ju wákàtí 6 lọ. Eré tí ayé ń sá lọ́jọ́ náà kò yàtọ̀ sí ti àná rẹ̀.

Ìlà oòrùn ni ayé sì ń yí sí. Tó bá jẹ́ pé yíyí rẹ̀ kan bàálù, ṣebí New York ni yóò máa bọ̀ wá pàdé wa, lílọ ni ì bá yá! Afẹ́fẹ́ ń bá ayé yí ni, bàálù sì wà nínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ju ẹ̀pà sókè nínú bọ́ọ̀sì Ìbàdàn tó ń sáré, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ náà ni ẹ̀pà máa bọ́ sí.

Ó dáa, yíyí ayé lọ́wọ́ nínú ibi tí atẹ́gùn yẹn kọjú sí. Ìyẹn nìkan ni mo lè gbà fún Alájì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ti Òṣogbo lọ pàdé èèyàn yín ní pápákọ̀ òfúrufú Èkó ní Oṣù Kejìlá, ẹ tètè kúrò nílé. Tí atẹ́gùn bá le lọ́jọ́ náà, bàálù lè balẹ̀ ṣáájú àsìkò tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì.