Ìgbìmọ̀ Wo Ló Gbọ́ Ẹjọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Yìí?

Sátidé tó kọjá ni mo lọ gẹrun ní Arákàlé, ní Àkúrẹ́ níbí. Kí onígbàjámọ̀ tó fá apá kan orí mi tán, àwọn mẹ́ta tó ń dúró ti dá ẹjọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan. Yunifásítì rẹ̀ ti lé e níṣẹ́, lẹ́tà náà sì ti ń fò káàkiri orí WhatsApp. Wọ́n ní ó fi ìbálòpọ̀ lọ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú."

Mo gba fóònù, mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ìwé kan ṣoṣo. "Ìwà tí kò yẹ" ni wọ́n pe ẹ̀sùn rẹ̀. N kò rí ọjọ́ tí wọ́n pè é, n kò rí ohun tó fi dáhùn. Ibi tí wọ́n ti ní kó dá kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì padà nìkan ló ṣe kedere.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò gbèjà olùkọ́ kankan. Èmi náà lọ yunifásítì, mo sì mọ àwọn ọmọbìnrin tó ní carry-over, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí wọ́n fìdí rẹmi tí wọ́n ní láti tún ṣe, torí pé wọn ò lọ sí ọ́fíìsì ẹnì kan lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Ẹ rántí ti Ifẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gba ohùn olùkọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, yunifásítì gbé ìgbìmọ̀ dìde, wọ́n wádìí, wọ́n lé ọkùnrin náà ní 2018. Kí ọdún yẹn tó parí, kóòtù ti rán an lẹ́wọ̀n ọdún 2. Ta ló tún fẹ́ bá ọmọ yẹn jiyàn?

Ẹ wá wo ti Ìlọrin. Ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì ló fà á, kì í ṣe ti obìnrin. Ní 2001 yunifásítì ibẹ̀ lé olùkọ́ 49 láìgbọ́ tẹnu wọn. Ní 2009, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kí wọ́n dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì san owó wọn. Abala 36 ìwé òfin 1999 kò fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́: ẹni tí a fẹ́ dá lẹ́jọ́, a gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Nítorí náà, bí ọ̀jọ̀gbọ́n yìí bá jẹ̀bi, lẹ́tà olójú-ìwé-kan yẹn gan-an ni yóò fi bọ́. Kóòtù àwọn òṣìṣẹ́ wà ní Àkúrẹ́ níbí. Adájọ́ lè má tiẹ̀ bi í léèrè ohun tó ṣe. Bóyá wọ́n pè é wá rojọ́ ni yóò wò. Á gba owó oṣù rẹ̀ pé, á tún jókòó sí ọ́fíìsì yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ náà á sì di òpùrọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ rí. Bí kò bá sì jẹ̀bi ńkọ́? Ẹ ro ti ìyàwó rẹ̀ lọ́jà.

Mo bi ẹni tó pòwe Kúmólú pé, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn wo ló wà nínú ìgbìmọ̀ tó wádìí rẹ̀?"

Ó wò mí láti inú dígí. "Ìgbìmọ̀ wo? Ṣé o ò rí lẹ́tà ni?"